Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán àti Ẹwà Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìrètí wọn ni pé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yóò máa gbé wọ inú ilé wa. Ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a rán an.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin wa nílùú Ẹdẹ. Èyí tí Ọlọ́run dá ní adúmáadán ń wá ìpara tí yóò bó o láwọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ kún ń febi pa ara rẹ̀. Nígbà tí Agbani Darego gba adé arẹwà àgbáyé ní ọdún 2001, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ni arábìnrin náà, kò sì pẹ́ tí lẹ́pa fi di òṣùwọ̀n ẹwà lójú àwọn ọ̀dọ́.

Ní agbègbè kan ní ilẹ̀ Fiji, níbi tí wọ́n ti ń ka ara kíkún sí ẹwà láti ayébáyé, ẹ̀rọ yìí dé ní ọdún 1995. Dókítà Anne Becker ará Amẹ́ríkà wádìí ọ̀rọ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé níbẹ̀. Lọ́dún náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó bi léèrè tí ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí ó lè rù. Ní ọdún 1998, wọ́n ti tó 11 nínú 100.

A kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Kí ó tó dé ni àwọn baba wa ti ń ki aya wọn ní apọ́nbéporẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ki adúmáadán, wọ́n sì ń yin eléjì pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ni ó wá sọ ẹwà di ẹyọ kan ṣoṣo.

Mẹ́kúrì inú ìpara abóra a máa ba kíndìnrín jẹ́. Àlòjù hydroquinone a sì máa sọ ojú di dúdú bí aró. Ní ọdún 2023 ni àjọ NAFDAC kéde pé ọ̀ràn náà ti di pàjáwìrì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi han àwọn ọmọ bí àtíkè àti iná ti ń ṣe àwọ̀ àwọn òṣèré tí wọ́n ń wò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí àwọn olùdíje yín bá tún wá tọrọ ìbò ní Ẹdẹ, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni ń yẹ ìpara wò ní Ọjà Tìmì?