Èwo Ni Tìrẹ Nínú Ìwé Náà?

  Àlàyé ẹsẹ Ifá ni ẹ mọ̀ mí mọ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà nílé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ká mi lára, mo sì gbà pé ilé Ifá ní ohun tí ó lè kọ́ ilé ìwé nípa rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi kan wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Ìlúpéjú-Èkìtì níbí. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó wà. Mo bi í pé ìwé Yorùbá wo ni wọ́n ń kà, ó ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni. Inú mi dùn. Ìwé tí èmi náà fi àtùpà kà ní kékeré ni. Mo ní kí ó sọ̀rọ̀ Kákò fún mi. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni ń ka àkọ́sórí: Kákò jẹ́ akíkanjú, Kákò wà lára àwọn tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó, ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lára Kákò ni pé kí á ní ìgboyà. Mo ní, "Obìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó ńkọ́?" Kò mọ̀ pé obìnrin kan wà níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ fojú kan ìwé náà rí. Ó dorí kodò. Ó ní nóòtì ni olùkọ́ kọ sójú pátákó, gbogbo àwọn sì dà á kọ.

N kò dá ọmọ náà lẹ́bi. N kò sì dá olùkọ́ rẹ̀ lẹ́bi tán, nítorí mo mọ bí àwọn ọmọ ti pọ̀ tó nínú kíláàsì kan, mo mọ bí ìwé ti wọ́n tó, mo sì mọ̀ pé ìdánwò WAEC kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe kọ́ èmi. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi láti dá ojú Odù mọ̀, láti Ogbè títí dé Òfún. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi yóò ki í, èmi yóò máa tẹ̀ lé e, a ó sì tún un kì títí yóò fi dúró nínú mi. Kò sí ẹni tí ó fún mi láyè láti yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára. Àárín ẹgbẹ́ ni. Nígbà tí àwọn awo bá péjọ, tí ẹnì kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn ìyókù a máa fi "Hin!" gbè é bí ó bá ṣe é bí ó ti tọ́. Bí ó bá ṣì í, wọn a ní "Bẹ́ẹ̀ kọ́!" lójú gbogbo ènìyàn. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" kan ṣoṣo tí mo jẹ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá kọ́ mi ju ohun tí ọ̀gá mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ mi lọ.

Ohun kejì wà tí àwọn tí kò dá Ifá rí kì í mọ̀. Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í sọ ohun tí ó bá a wá fún babaláwo. Ó ti sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó tí ó mú lọ́wọ́. Babaláwo yóò dá Ifá, Odù yóò yọjú, awo yóò sì máa ki ẹsẹ inú Odù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbèéèrè yóò jókòó, yóò máa gbọ́. Ó lè dé orí ẹsẹ kẹta tàbí ìkẹrin kí ó tó gbọ̀n rìrì, kí ó ní, "Bàbá, ẹ dúró. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kì yẹn, tèmi ni." William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí Ifá ní Ilé-Ifẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, kíyè sí ohun kan náà: ẹni tí ó wá béèrè ni ó ń yan ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Awo ni ó ni ẹsẹ lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti kàn án.

Ilé ìwé wa ti dorí ètò yìí kodò. Ọ̀rọ̀ inú ìwé, tí ó yẹ kí ọmọ dì mú ṣinṣin, wọn kò bi í. Ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó yẹ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, òun ni wọ́n kọ fún un láti há sórí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú Ifá nìkan ni Yorùbá ti ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ti fi ẹwà rẹ̀ jayé, àìsàn wá dá a gúnlẹ̀, ó ń ròyìn ayé rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé rò pé ènìyàn gidi ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà láti fi èrò wọn hàn, a sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹlòmíràn lè kà á. Ní 1930 ni ó di odidi ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ nóòtì fún àwọn ará Èkó ìgbà náà. Ìtàn náà kàn wọ́n, wọ́n sì fèsì.

Ìdí nìyí tí mo fi pe ọmọ mẹ́fà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ìsinmi yẹn. Ìwé mẹ́ta péré ni a rí yá. Ẹnì kan yóò máa kà á sókè; bí ó bá ṣì í, àwọn yòókù yóò ní "Bẹ́ẹ̀ kọ́!" (ìyẹn dùn mọ́ wọn ju bí mo ti rò lọ). Lẹ́yìn náà, oníkálùkù yóò kọ ìdajì ojú ewé sínú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú ohun tí a kà lónìí, èwo ni tìrẹ? Yóò gbé e fún ẹni tí ó jókòó tì í, onítọ̀hún yóò sì fèsì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè gbà, ó lè jiyàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ nàka sí ibi tí ó ti rí i nínú ìwé. Mo fi òfin de "ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́". Ọmọ kan kọ tirẹ̀ ní èdè Èkìtì láti òkè dé ilẹ̀, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

A dé ibi tí Kákò ti fẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí obìnrin náà dì í mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀, tí Kákò sì pa á. Ọmọ ọmọ mi kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọba kì í dúró. Ọmọbìnrin tí ó gba ìwé rẹ̀ kò kọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó kọ, ó ní ibẹ̀ ni tòun, nítorí bàbá òun náà a máa lọ sí ìrìn-àjò iṣẹ́, ìyá òun a sì máa dì í lẹ́wù mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá fi ìbéèrè kan sí i: ta ni ó sin obìnrin náà? Ọmọ ọmọ mi ṣí ìwé padà, ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mo ti mọ ìwé náà fún àádọ́ta ọdún, n kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Awo ẹgbẹ́ mi kan gbọ́, ó sì bá mi wí. Ó ní onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìwàásù kún inú ìwé rẹ̀, kí ni babaláwo ń fi í kọ́ ọmọ sí? Mo ní kí ó gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà dáadáa ná: Fágúnwà, orúkọ ilé Ifá ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ohun tí ó sọ. Èmi gan-an ní ẹjọ́ láti bá Fágúnwà rò. Àwa mọ irinwó irúnmọlẹ̀ ó lé kan sí àwọn tí Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1938 yìí, irúnmalẹ̀ ti di iwin àti abàmì ẹ̀dá inú igbó. Ohun tí ó fi orúkọ náà ṣe kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ tí ó ń da nóòtì kọ kò ní mọ̀ láé pé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́fà wọ̀nyí mọ̀, nítorí mo sọ èrò mi fún wọn, àwọn méjì sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò tọ̀nà. Wọ́n ní ìtàn àròsọ kì í ṣe ẹsẹ Ifá. N kò tíì rí èsì tí ó dùn ún gbọ́ fún wọn.

Àwọn olùkọ́ yóò ní kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ọgọ́ta ọmọ. Kí wọ́n pín wọn sí mẹ́fà-mẹ́fà. Olùkọ́ kò ní láti ka gbogbo rẹ̀ tán, àwọn ọmọ ni yóò máa ka ti ara wọn. Èyí tí ọmọ bá mọ̀ pé ojúgbà rẹ̀ yóò kà, ó máa ń ṣọ́ra kọ ọ́ ju èyí tí ó mọ̀ pé máàkì pupa nìkan ni yóò kàn. Ti ìdánwò, n kò lè parọ́. A kò ka ìwé náà tán kí ìsinmi tó parí, ọmọ ọmọ mi sì padà sí kíláàsì láìmọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ó ka ìyókù nílé fúnra rẹ̀.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré oníṣe tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kà ní ìsinmi tí ń bọ̀. Ọmọbìnrin yẹn ti sọ pé òun ni òun yóò ka ẹnu Ẹfúnṣetán. Ẹ̀dà méjì ni mo ní lọ́wọ́, eku sì ti jẹ etí ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní in nílé tí kò kà á mọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n tó gba ìsinmi.