Gìtá Kọ́ Ló Ń Pa Àṣà: Ẹ̀kọ́ Àwo-Orin Cotonou Club fún Àwọn Ọmọ Kambolé

Àwọn kan wà láàárín àwọn olùfẹ́ ohun àjogúnbá tí wọ́n gbà pé ọ̀dọ́ tó bá fi gìtá kọ orin àwọn baba rẹ̀ ti ba orin náà jẹ́. Lójú tiwọn, ìlù àtijọ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí wọ́n bá a, orin àgbà kò sì gbọdọ̀ bọ́ sẹ́nu ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń ran ikú lọ́wọ́ láti kó orin Kambolé lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó fetí sí àwo-orin Cotonou Club.

Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou ló ṣe àwo náà, tó jáde ní ọdún 2011. Mélomé Clément ló dá ẹgbẹ́ olórin yìí sílẹ̀ ní ọdún 1968. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún orin ní èdè Fọ̀n, Mina, Yorùbá àti Faransé, ilé-iṣẹ́ Albarika Store sì gbé púpọ̀ jáde nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980, ikú mú Papillon tó ń ta gìtá àti Léopold Yèhouéssi tó ń lu ìlù, òkìkí ẹgbẹ́ náà sì rọlẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n ti dà kí wọ́n tó tún wọ sitúdíò fún Cotonou Club. Wọ́n tún Gbeti Madjro, orin tó sọ wọ́n di olókìkí, kọ pẹ̀lú Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah. Gìtá sì wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀.

Kí ló wà nínú gìtá náà? Sato wà níbẹ̀, ìlù tí wọ́n ń lù láti ṣèrántí àwọn òkú. Ìlù Sakpata náà wà níbẹ̀. Sakpata yìí ni àwọn Yorùbá ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, ìtàn Àgbómẹ̀ sì fi yé ni pé láti Dassa, ìlú àwọn ará Ìdáàṣà, ni wọ́n ti gbé e wá. Ohun tó mi ilé ijó ní Cotonou, tó sì dé Paris àti Lọ́ndọ̀nù, ní gbòǹgbò lọ́dọ̀ ẹbí Kambolé. Àwọn olórin náà kò gbé ìlù mímọ́ kúrò ní ojúbọ. Ìró rẹ̀ ni wọ́n mú, tí wọ́n fi lé gìtá lọ́wọ́. Ojúbọ ṣì wà, awo ṣì jẹ́ awo.

Ohun ìtìjú wà nínú ìtàn náà, ti onílé sì ni. Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Analog Africa ti Samy Ben Redjeb ní Frankfurt, Jámánì, ló kó orin wọn àtijọ́ jọ, tí wọ́n tún gbé e jáde: The Vodoun Effect ní 2008, Echos Hypnotiques ní 2009. Élodie Maillot, oníròyìn ọmọ Faransé, ló ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dé Yúróòpù, ilé-iṣẹ́ Strut ló sì gbé Cotonou Club jáde. Kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ẹgbẹ́ àjogúnbá Benin àti Togo wà nígbà náà? Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Mélomé Clément kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, kò tíì pé ọdún méjì tí àwo náà jáde. Ká ní àlejò pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọwọ́ rẹ̀ ì bá má sí nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Los Lobos jẹ́ ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó dàgbà sí Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Gìtá oníná ni wọ́n fi gbé La Bamba dé ipò kìíní ní 1987. Nígbà tí ayé ń retí irú rẹ̀ mìíràn, wọ́n mú La Pistola y el Corazón jáde ní 1988: àwo kúkúrú tó kún fún orin ìbílẹ̀ Mẹ́síkò, ní èdè Sípéènì, pẹ̀lú ohun èlò àwọn baba wọn, tí wọ́n sì fi orin tuntun tiwọn kún un. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy. Àwọn ará Cotonou gbé ìlù àtijọ́ sórí gìtá oníná. Àwọn ti Los Angeles gbé gìtá oníná sílẹ̀ fún ti ìbílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì tọ́, nítorí wọ́n mọ orin náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àìmọ̀ ló ń pa àṣà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Kambolé. Èdè rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ kà pọ̀ mọ́ ti Manigri ní Benin, jẹ́ èdè àwọn ènìyàn díẹ̀. Ọmọ Kambolé tó dàgbà sí Sokodé ń gbọ́ Tem lọ́jà, ó ń gbọ́ Faransé nílé-ẹ̀kọ́. Ní Tchamba, Akaselem ló yí i ká. Kò sí àbùkù nínú gbígbọ́ èdè aládùúgbò. Àbùkù ni kí ọmọ wá orin èdè baba rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, kí ó má rí i. Ọ̀rọ̀ ọba náà ni. Adé nìkan kọ́ ló ń sọ ènìyàn di ọba. Oríkì àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ oríkì náà bá kú láìfi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ayẹyẹ kankan tó lè mú un padà.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kí àwọn àgbà fúnra wọn ya orin awo sọ́tọ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ jáde. Kí orúkọ ẹni tó kọrin wà lára orin rẹ̀, kí owó tó bá tinú rẹ̀ wá sì dé ọwọ́ rẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹbí rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà láàfin, kí òmíràn wà nílé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé orin náà fún àwọn ọ̀dọ́, ti Kambolé àti ti Sokodé, pẹ̀lú gìtá wọn. Àgbà tó bá ní ọ̀dọ́ ń ba orin jẹ́, kí ó jókòó tì í, kí ó kọ́ ọ bó ṣe rí, nígbà tí ohùn ṣì wà lọ́fun rẹ̀.