Èdè ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Glazoué, ní Ìdáàṣà, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní òdìkejì ibodè, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà mọ ṣẹ́ńjì kà. Ó dé kíláàsì CI, wọ́n fi Faransé bi í ní ìṣirò, ó dákẹ́, wọ́n ní olódo ni. Olódo kẹ̀? Ìbéèrè ni kò yé e, kì í ṣe ìṣirò.

Láyé òyìnbó, "signal" ni wọ́n ń so mọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé lọ́rùn, kí ojú lè tì í. Òmìnira dé ní 1960. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 1990, abala 11, ní gbogbo ẹ̀yà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lo èdè wọn. Kí ló wá dé tí àwọn òbí kan ṣì ń ní kí wọ́n na ọmọ tó bá sọ Ìdáàṣà?

Ẹ ó ní Faransé ni wọ́n fi ń ṣe CEP. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀: kí olùkọ́ fi èdè ilé là á yé ọmọ ná, kó tó fi Faransé sọ ọ́. Ẹ dìde níbi ìpàdé òbí, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.