Ohun Tí Sẹ́ẹ̀lì Ń Kọ́ Ẹlẹ́wọ̀n

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó gba orúkọ ẹ̀wọ̀n kúrò lára àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, tó sì pè wọ́n ní ibi àtúnṣe ìwà. Orúkọ a máa ro ọmọ, mo sì fẹ́ kí èyí ro ilé tí a fi sọ. Àmọ́ ilé ọ̀hún ńkọ́? Ọgbà Ìkòyí l'Ékòó, èèyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọ fún; iye tó wà níbẹ̀ ti kọjá 3,000 rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà tí orúkọ yí padà, iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n 5 nínú ọgbà yẹn. Àwọn tó ń ṣètò àtúnṣe máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìtura lásán ni ibùsùn, oúnjẹ àti ilé ìgbẹ́, pé a lè sún wọn síwájú títí owó yóò fi dé, pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwàásù ni àtúnṣe gan-an. Èmi ń sọ pé ibùsùn náà ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó bá kọ́ ẹlẹ́wọ̀n lóru, ó ṣòro kí ọ̀gá télọ̀ tàbí oníwàásù tó yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ lọ́sàn-án.

Láàárín àwa Yorùbá, ojútì ni a fi ń tún ọmọ ṣe. Ẹni tí ojú ń tì, ọ̀rọ̀ lè wọ̀ ọ́ létí. Ẹni tí ojú kò tì mọ́, pàṣán kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Ẹ wá wo sẹ́ẹ̀lì tó kún àkúnya, tí korobá kan wà ní igun fún ìgbẹ́ gbogbo èèyàn, tí àgbà tó bí ọmọ mẹ́fà ń ká aṣọ sókè níwájú ọmọ ogún ọdún, tí ara ń kan ara lóru débi pé bí ẹnì kan bá yí padà, gbogbo ìlà ni yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Kúrúnà àti ikọ́ ife kì í pẹ́ ràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n egbòogi wà fún àwọn yẹn. Ojútì tó bá kú ńkọ́? A ti fọwọ́ ara wa pa irinṣẹ́ tí à bá fi tún ẹlẹ́wọ̀n náà ṣe, kí a tó ráńṣẹ́ pe ẹni tí yóò tún un ṣe.

Oúnjẹ náà ń kọ́ tirẹ̀. Títí di ọdún 2024, ₦750 ni ìjọba ń ná lórí oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lóòjọ́, wọ́n wá sọ ọ́ di ₦1,125. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ₦375 ni fún ẹ̀ẹ̀kan, agbaṣẹ́ṣe kò sì tíì yọ èrè tirẹ̀. Ẹ bi ìyá olóúnjẹ èyíkéyìí ní ọjà Mile 12 l'Ékòó ohun tí iye yẹn lè rà. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń gbé owó wá ni yóò yó. Ẹni tí kò ní ará yóò fọ aṣọ fún ẹlòmíràn, yóò sì bu omi fún un. Ọmọ tó tìtorí fóònù tó jí wọlé yóò nílò ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ ìyà, ta ló sì lágbára jù nínú sẹ́ẹ̀lì bí kò ṣe ògbólógbòó? Bó bá ti ń jẹun lọ́wọ́ ògbólógbòó, ó ti di ọmọọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìwé kankan kò sọ pé kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àìtó oúnjẹ ló kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò dáhùn pé ìyà ló tọ́ sí ọ̀daràn, pé tálákà tí kò jalè pàápàá ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ìkejì, ó sì dun èmi náà. Ṣùgbọ́n tálákà tó wà níta lè rìn lọ wá oúnjẹ. Ẹni tí ìjọba tì mọ́lé kò lè rìn. Nínú nǹkan bí 80,000 èèyàn tó wà ní àwọn ọgbà wa, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí onídùúró tí yóò gba béèlì wọn. Wọn kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde, nítorí náà ta ni yóò to irú wọn sínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́dún méjì? Ẹni tí wọ́n sì dá lẹ́bi, ọdún ni adájọ́ ka fún un. Adájọ́ kò fi kúrúnà kún un.

Àwọn mìíràn ní bí inú ọgbà bá ti le tó ni ẹ̀rù yóò ti bà wọ́n tó láti padà. Èyí ṣeé wádìí, wọ́n sì ti wádìí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Keith Chen àti Jesse Shapiro fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ tí máàkì tí wọ́n fi ń pín wọn sí ọgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba wéra, tí a gbé àwọn kan sí ibi tó le jù, tí a sì gbé àwọn yòókù sí ibi tó rọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, wọn kò rí i pé líle náà dín ìpadà sí ìwà ọ̀daràn kù; bó bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, ṣe ló fi kún un. Ní Norway, níbi tí ẹlẹ́wọ̀n ti sábà ń dá sùn nínú yàrá tirẹ̀, tí iṣẹ́ kíkọ́ sì wà lóòótọ́, ìwádìí kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé ẹ̀wọ̀n dín ìwà ọ̀daràn kù, pàápàá lára àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má sọ fún mi pé Norway lówó. Mo mọ̀. Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni ìdí tí àtúnṣe fi ṣiṣẹ́. Ilé tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní tiwa, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó gboyè láti ọwọ́ NOUN (National Open University of Nigeria) nínú ọgbà yẹ fún ìyìn ńlá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n, agbára ọkàn wọn ló sì gbé wọn gòkè, kì í ṣe ilé náà.

Àyè ni ó yẹ ká kọ́kọ́ wá, kò sì di ìgbà tí a bá kọ́ ilé tuntun. Òfin ọdún 2019 yẹn ti fi agbára sí ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọgbà bá ti kún, kí ó fi tó adájọ́ àgbà àti agbẹjọ́rò àgbà létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí àwọn náà wá nǹkan ṣe sí i láàárín oṣù mẹ́ta. Ó sì lè kọ̀ láti gba ẹlòmíràn wọlé. Òfin kan náà la ọ̀nà fún iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Láti ọdún 2023, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti gba ìjọba ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọgbà tirẹ̀, nítorí náà gómìnà kankan ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè sọ mọ́ pé Àbújá ló ni ọ̀rọ̀ náà. Mo ń bẹ àwọn adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí wọ́n lẹ iye èèyàn tí a kọ́ ọgbà kọ̀ọ̀kan fún àti iye tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ àná mọ́ ẹnu ọ̀nà kóòtù, lóṣooṣù, kí májísíréètì tó fẹ́ rán olè adìyẹ lọ sí àhámọ́ kà á kó tó gbé gègé.