Ìwé Mélòó Ni Ẹ Ti Kà? Ta Ni Ẹ Sì Jọ Kà Á?

  

Ẹ ó rántí pé nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, àwa tọkọtaya tí a ń kọ ojú ewé yìí jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan níbí. A ní kí ọdún tó parí, àwa yóò ka ìwé méjìlá, ìwé kan fún oṣù kan, yàtọ̀ sí Bíbélì tí a ń kà lójoojúmọ́. A rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ bá wa dá a lé. Púpọ̀ nínú yín ni ó sì ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Ibo lẹ bá a dé?" Òtítọ́ kì í ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án nìyí, ìwé mẹ́fà péré ni a kà tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, nítorí a gbàgbọ́ pé Ọlọ́run fi kọ́ wa lọ́gbọ́n.

ÌWÉ KEJÌ ŃKỌ́?

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. A kọ orúkọ ìwé méjìlá sí ara bébà ńlá kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ wa. Bí a bá ti parí ọ̀kan, a ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Láàárín oṣù mẹ́ta, a ti fa ìlà mẹ́ta. Inú wa ń dùn, kí a má sì parọ́, ìgbéraga díẹ̀ ti ń wọ ọ́. Àlejò kò tíì jókòó tán tí a ó ti máa nawọ́ sí ògiri.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, arákùnrin kan bi wá léèrè tọkàntọkàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí kọ́ nínú ìwé kejì yẹn, kí èmi náà lè wá a rà?" Àwa méjèèjì wo ojú ara wa. A kò rí nǹkan sọ ju pé ìwé náà dára lọ. A kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkánjú ni a fi kà á. Ẹnì kan kà á nínú ọkọ̀, ẹnì kejì kà á lórí ibùsùn, a kò sì bá ara wa sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Ìlà pupa ni a ń lé kiri, a rò pé ọgbọ́n ni.

BÍBÉLÌ TÍ Ó DORÍ KODÒ

Ní oṣù kẹrin, ìyá wa ti abúlé wá bá wa gbé. Ẹni àdúrà ni Ìyá, wọn kì í pa ìsìn jẹ, Bíbélì wọn kì í sì í kúrò lábẹ́ apá wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ń ṣe ìjọsìn ìdílé, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wo ọ̀dọ̀ wọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá àgbà, Bíbélì yín dorí kodò!"

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá rọra pa Bíbélì náà dé, wọ́n gbé e lé itan wọn, wọn kò sọ̀rọ̀. A bá ọmọ náà wí, ṣùgbọ́n bí a ti ń bá a wí, a mọ̀ nínú ara wa pé àwa gan-an ni ìbáwí tọ́ sí. A mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kò rán Ìyá ní ilé ẹ̀kọ́. Owó èlùbọ́ tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi rán àwa ọmọ wọn títí a fi jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí a bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo ń jókòó sábẹ́ ògiri tí a fi ń yangàn, a kò sì rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a pinnu pé ìwé kẹrin kì yóò jẹ́ ti ẹnì kan nínú kọ̀rọ̀ mọ́. A ó máa kà á sókè, kí gbogbo ilé máa gbọ́.

KỌ́KỌ́RỌ́ TÍ Ó WÀ LÁYÀ

Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ni ìwé kẹrin náà. John Bunyan ni ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní ọdún 1678. David Hinderer, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí òun àti aya rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Bunyan kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ńlá. Ẹni tí ń tún ìkòkò àti páànù ṣe ni, bí bàbá rẹ̀. Ọdún 12 ni ó lò nínú ẹ̀wọ̀n ní ìlú Bedford, láti 1660 sí 1672, nítorí pé kò gbà láti dẹ́kun ìwàásù. Ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti aya tí ó kọ́kọ́ fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé tálákà ni àwọn méjèèjì, wọn kò ní àwo tàbí ṣíbí. Ìwé méjì péré tí bàbá ìyàwó fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ni ìyàwó náà gbé wá sí ilé ọkọ. Bunyan a máa bá a ka ìwé méjèèjì náà. Ẹ wo ẹrù ìyàwó tí ó so èso!

Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi ka ìwé yìí, ìwọ̀nba ojú ewé díẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bí iná bá lọ, a ó tan àtùpà. Nígbà tí ẹrù já kúrò lẹ́yìn èrò mímọ́ náà níbi àgbélébùú, Ìyá ní kí a tún un kà. A tún un kà nígbà mẹ́ta. Nígbà tí ó yá, a dé ibi tí òmìrán kan, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí àìnírètí, ti èrò náà àti ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ inú ihò òkùnkùn nínú ilé olódi rẹ̀. Ó nà wọ́n, ó fi ebi pa wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà ní òru, nígbà tí ilẹ̀ sì fẹ́ mọ́, èrò náà rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan wà láyà òun, tí ń jẹ́ Ìlérí, tí ó lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà.

Ìyá ní, "Ẹ dúró ná. Ṣé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń nà án ni kọ́kọ́rọ́ ti wà láyà rẹ̀?"

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mú Bíbélì wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà nìyẹn. Mo ń gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé ìsìn, mo ń gbé e bọ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ́ mi."

Omijé bọ́ lójú wa. Ní ọjọ́ kejì, a ra Aláwìíyé, ìwé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ fún àwọn ọmọdé, èyí tí púpọ̀ nínú wa fi mọ lẹ́tà. Ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín ni ó sì di olùkọ́. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn méjèèjì lórí ẹní, ọmọ ń tọ́ka, Ìyá ń pè é tẹ̀lé e.

"BÍBÉLÌ NÌKAN TÓ MI"

A mọ̀ pé àwọn ará kan yóò sọ pé Bíbélì nìkan tó, ìwé mìíràn ń fi àkókò ṣòfò ni. Wọn a sì máa fi Smith Wigglesworth ṣe àpẹẹrẹ, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí a bí ní England ní ọdún 1859, tí a mọ̀ pé kì í ka ìwé kankan yàtọ̀ sí Bíbélì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà dé òpin. Láti kékeré ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó ti di géńdé, ó ti gbéyàwó, kí ó tó mọ ìwé kà, Polly aya rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ. Bí aya náà kò bá jókòó tì í, Bíbélì kan ṣoṣo náà gan-an ì bá ti pa mọ́ sí i. Àwọn ìwàásù rẹ̀ pàápàá di ìwé ní ọdún 1924, Ever Increasing Faith ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ìwé kẹfà tí a kà. Bí a ti ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì ni a ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá.

Ẹ tún wo Bíbélì Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ wa. Samuel Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ rẹ̀. Ní Sàró, lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀, ni àwọn kan ti kọ́ ọ ní lẹ́tà. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà ń dá ìwé wòlíì kà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì yé e títí Fílípì fi gòkè jókòó tì í. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nínú ẹ̀wọ̀n, ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó bá òun mú àwọn ìwé òun wá (2 Tímótì 4:13). Ẹ ha rí i pé ẹnì kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń kàwé?

ÌWÉ TÍ A DÁMỌ̀RÀN

Fún gbogbo ilé: Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ẹ má kánjú kà á.

Fún àwọn tí ó ní ọmọ tí ń dàgbà: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938. Òun ni ìwé karùn-ún wa. Ẹ̀rù iwin àti ẹbọra inú rẹ̀ ń ba àwọn onígbàgbọ́ kan. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àti onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìwàásù àti ìmọ̀ràn sì kún inú ìwé náà. Ẹ bá àwọn ọmọ kà á, kí ẹ sì jọ jíròrò ohun tí ó bá ta ko ìgbàgbọ́ wa. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n lọ fi pamọ́ kà á. Yorùbá inú rẹ̀ nìkan tó oúnjẹ.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: The History of the Yorubas, tí Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, kọ. Ìwé ńlá ni, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rẹ̀wẹ̀sì nítorí pé ẹ kùnà ẹ̀jẹ́ ìwé kíkà yín, ẹ gbọ́ ìtàn ìwé yìí. Johnson parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1901, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó tún ìwé náà kọ, ó sì jáde ní ọdún 1921. Ta ni yóò wá sọ pé nítorí oṣù méjì tí ẹ kò kàwé, ó ti bàjẹ́ tán?

IṢẸ́ FÚN OṢÙ YÌÍ

Ẹ̀yin òbí, ẹ yan ìwé kan ṣoṣo. Ẹ yan àkókò kan tí kò ní pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Kí gbogbo fóònù kúrò nílẹ̀. Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kan tún ohun tí ó gbọ́ sọ. Ẹ má fi ìwé kíkà jẹ ọmọ níyà, kí ó má baà di ọ̀tá rẹ̀. Bí owó kò bá sí, ẹ yá ìwé lọ́wọ́ ara ìjọ, kí ẹ sì dá a padà. Bí ojú àgbàlagbà kan bá ń ṣe bàìbàì, ẹ bá a wá awò ojú.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ wo inú ilé yín àti orí ìjókòó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ìsìn. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tí ń fi ìtìjú ṣí Bíbélì tí kò lè kà. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ má sì pè é níta gbangba. Ẹ lọ jókòó tì í.

Ní ti àwa, a ti yọ bébà náà kúrò lára ògiri. Ó ṣeé ṣe kí a má ka ìwé méjìlá pé lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, bí alùfáà ti ń ka Ìwé Mímọ́, Ìyá fi ìka tẹ ojú ewé Bíbélì wọn, wọ́n fọwọ́ kàn wá, wọ́n rọra sọ pé, "Ẹ wò ó, Jésù ni wọ́n kọ síbí." A wò ó. Òun ni lóòótọ́. Bíbélì náà kò sì dorí kodò.

Kí Olúwa la ojú gbogbo wa, kí ó sì fi ìfẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ilé wa. Àmín. Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Jésù bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.