Ẹni Tó Sun Ìwé Kò Tún Ẹ̀sìn Ṣe

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi àṣẹ ìwé kíkà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìmísí fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó yẹ kí àṣẹ yìí máa dún létí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ tún ẹ̀sìn ṣe, nítorí àwọn kan ti gbé àsíá àtúnṣe rí, tí wọ́n sì ti iná bọ ìwé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn jagunjagun gba ìlú Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Máàlì. Ansar Dine wà lára wọn, orúkọ tó túmọ̀ sí àwọn olùrànlọ́wọ́ ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn àáfà ìlú yìí ti fi ń fọwọ́ kọ ìwé lórí Al-Kùránì, hádíìsì, òfin ẹ̀sìn, ìṣègùn àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Máàlì ń súnmọ́ ìlú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn jagunjagun tó ń sá lọ sọ iná sí ìwé ní ilé tí wọ́n fi orúkọ Sheikh Ahmad Baba pè. Nǹkan bí 4,000 ìwé ló bá a lọ.

Ṣùgbọ́n iná náà kò rí èyí tó pọ̀ jù jó. Kí ó tó dé, Abdel Kader Haidara, olùtọ́jú ìwé, ti kó àwọn ènìyàn jọ. Wọ́n to ìwé sínú àpótí onírin lóru, wọ́n fi pamọ́ sí ilé àwọn ará ìlú, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Bamako díẹ̀díẹ̀. Iye tí àwọn fúnra wọn kéde lé ní 300,000.

Iṣẹ́ yìí ní àwòkọ́ṣe. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Al-Kùránì sórí kú sí ogun Yamama, Sàídínà Umar gba Sàídínà Àbúbákárì níyànjú pé kí wọ́n kó o jọ. Zayd ọmọ Thabit, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ Hafsa, ìyàwó Ànábì, ni àkójọ náà sì wà nígbẹ̀yìn. Ọlọ́hun ni Olùṣọ́ Al-Kùránì, síbẹ̀ àwọn Sàhábà kò káwọ́ gbera.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé Yorùbá. Ìwé tí Sheikh Ahmad Baba kọ ní ọdún 1615 wà lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tó dárúkọ Yorùbá. Ká ní kò sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rí náà ì bá ti parẹ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé tí àwọn àáfà àgbà fi sílẹ̀ wà nínú àpótí ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn àti ní ìlú mìíràn. Ikán ń jẹ òmíràn, òjò ń pa òmíràn. Òmíràn sì wà tí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé ń fojú bídà wò, tí ó fẹ́ kó dànù. Ọ̀nà kọ́ nìyẹn. Ìwé tó bá ní àṣìṣe nínú, ìwé ni a fi í dáhùn. Ẹni tó bá sun ún ti sun ẹ̀rí tí ì bá fi tú àṣìṣe náà fó.

Ìmọ̀ jẹ́ àmáánà. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ìwé tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ó ya àwòrán ojú ewé wọn, kí ẹ̀dà sì wà ní ilé ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè dé. Ogun kì í ránṣẹ́ kí ó tó wọ̀lú.

Kí Ọlọ́hun fi wá sára àwọn olùtọ́jú ìmọ̀, kí Ó má fi wá sára àwọn tó ń pa á run. Àmín.