Ìbọn Tí Ó Kọ̀

Ṣakabùlà àwọn baba wa ni kí a rántí lọ́sẹ̀ yìí. Ní Èrúwà níbí, ọdẹ tí ó ní ọ̀kan a máa fi yangàn, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè iye ìgbà tí ó ti dójú tì í nínú igbó!

Ẹnu ni a ti ń kì í: ẹ̀tù ṣáájú, ọta tẹ̀lé e. A ó tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí òkúta yóò ta iná sí. Bí òjò bá kán sí i, ó parí: ọdẹ á fà á, yóò gbọ́ ‘kẹ́’, ẹran á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀tù ẹ̀gbẹ́ á gbiná fùú, ti inú kò ní gbọ́. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ó pẹ́ kí ó tó dún. Baba mi kì í jẹ́ kí a wo ẹnu ìbọn tí ó bá kọ̀. A ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, a ó sì dúró. Mo mọ ẹnì kan tí kò dúró. Ojú kan ni ó fi ríran títí ó fi kú.

Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tí a ń kì nídìí ránṣẹ́ sílé. Ibi tí ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń ki ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà ni ọta ti ń bá a.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ṣì ń rọ ṣakabùlà dòní, òmíràn láti ara páìpù omi. Irú èyí a máa fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, pàápàá bí ó bá tún un kì lórí ẹ̀tù àkọ́kọ́ tí kò dún.